Oṣù márùn-ún tí mo fi òrí Bódìjà tọ́jú irùngbọ̀n mi

Irùngbọ̀n mi kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń fi ọwọ́ pa tí á sì gbọ́ràn. Ó le, ó ká rúgúdú, ó so kókó mọ́ra bíi kànrìnkàn. Bí òòyà bá wọ ibẹ̀ láàárọ̀, omi á lé sí mi lójú. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni nítòsí Agbowó ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì: "Tíṣà, ẹ bá wa tún ojú yín ṣe, àwọn ọmọ ń wò yín." Mi ò bínú, òtítọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n mi ò lè fá a.

Mo ti fá a rí. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń fá a lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ọjọ́ méjì bá ti kọjá, ìléròrò á ti bo abẹ́ àgbọ̀n mi títí dé ọrùn, òmíràn á gbọyún. Onígẹrun á da sípíríìtì sí i, á ta mí bí iná, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e á tún gbé abẹ gba orí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ló là mí lọ́yẹ̀ pé irun mi gan-an ló ń gún mi. Irun tó bá ká, tí abẹ bá gé e mọ́lẹ̀, ẹnu rẹ̀ á mú ṣóńṣó. Bó bá tún ń hù, kò ní jáde tààrà, á ká padà, á gún awọ wọlé, ara á sì máa bá a jà bí ìgbà tí ẹ̀gún wọ ẹsẹ̀. Sípíríìtì kan kò lè wo ìyẹn. Nọ́ọ̀sì ní kí n dá a sí, kí n má ṣe jẹ́ kí abẹ kàn án mọ́. Ẹ̀yin tí àpá ara yín máa ń wú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré.

Bí mo ṣe dá a sí nìyẹn, ni gbígbẹ bá dé. Òróró irùngbọ̀n kan ni mo kọ́kọ́ rà ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan, ìgò mílílítà 30, ₦8,500. Òórùn rẹ̀ dùn, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Lẹ́yìn wákàtí kan, irùngbọ̀n á máa dán lókè, abẹ́ rẹ̀ á gbẹ bíi koríko ẹ̀ẹ̀rùn. Mo lò ó tán kí n tó mọ̀ pé orí irun gbígbẹ ni mo ń da á sí. Òróró kì í ṣe omi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dé omi mọ́ inú irun. Bí kò bá sí omi níbẹ̀, kí ló fẹ́ dé? Awọ wa náà ń sun òróró tirẹ̀, ṣùgbọ́n irun tó ká bíi sípíríǹgì kì í jẹ́ kí òróró yẹn gùn ún dé orí, bó ṣe máa ń gun irun tó nà gbọọrọ.

Ẹni tó kọ́ mi ní ìyẹn kì í ṣe onígẹrun, kì í sì í ṣe dókítà. Ìyá kan tó ń ta òrí ní ọjà Bódìjà ni, nínú oṣù kẹfà ọdún yìí. Bí mo ṣe béèrè òrí, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi: "Bàbá ìkókó, o kú ewu ọmọ o! Èyí tó dáa ni màá bù fún ẹ." Mo ní kò sí ìkókó, irùngbọ̀n ni mo fẹ́ fi pa. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fọwọ́ kàn án. "Òùngbẹ ló ń gbẹ irun yìí, ọmọ mi. Fún un lómi kó o tó fún un lóúnjẹ."

Ike kan, ₦2,500. Wọ́n ní láti Ṣakí, ní Òkè-Ògùn, ni wọ́n ti kó o wá, níbi tí igi òrí ti pọ̀ nínú ọ̀dàn. Òrí tó dáa kì í funfun báláú. Ó máa ń pọ́n díẹ̀ bí ọ̀rá màlúù. Òórùn èéfín díẹ̀ kò burú, torí wọ́n máa ń yan hóró rẹ̀ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ń rùn bí ẹ̀pà tó ti bàjẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Mi ò lò ó bẹ́ẹ̀ lásán. Mo gbé abọ́ òrí sínú omi gbígbóná kó yọ́, mi ò gbé e lé iná, mo wá fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ. Ìdọ̀tí tó kù sórí aṣọ pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Mo po ṣíbí òrí mẹ́ta pọ̀ mọ́ ṣíbí àdín àgbọn kan, torí àdín àgbọn wà lára òróró díẹ̀ tó ń wọ inú irun lọ gan-an, tí kì í dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan. (Àdín àgbọn ni mo wí o, kì í ṣe àdín dúdú ti ekùrọ́. Òórùn ìyẹn le jù fún ẹni tó ń dúró níwájú ogójì ọmọ.) Kíá ni mo gbé e sínú fíríìjì, nítorí òrí tó bá rọra dì máa ń ní hóró bíi gààrí. Lọ́jọ́ tí iná kò sí, inú omi tútù ni mo gbé e sí.

Alẹ́ ni mo ń ṣe é. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni mo kọ́kọ́ fi ń rin ín títí omi á fi dé ìdí irun. Ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́sẹ̀ ni mo ń fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́. Tẹ́lẹ̀, ojoojúmọ́ ni, àṣìṣe ńlá sì ni, torí eérú inú ọṣẹ yẹn lágbára, gbogbo òróró irun ló ń bọ́ dànù. Bí omi kò bá kán tótó mọ́, tí irun ṣì tutù, màá bu òrí tó tó ẹyọ ẹ̀wà kan, màá fi àtẹ́lẹwọ́ yọ́ ọ, màá fi ra á láti ara awọ wá sí orí irun.

Lẹ́yìn náà ni òòyà, òòyà onígi tí eyín rẹ̀ jìnnà síra. Bí ẹ kò bá ra nǹkan mìíràn nínú gbogbo ohun tí mo sọ yìí, ẹ ra òòyà onígi. Ẹ fi èékánná ra eyín òòyà ike olówó pọ́ọ́kú, ẹ ó gbọ́ ọ lọ́wọ́: ìlà híhá kan wà níbi tí ike méjèèjì ti pàdé nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ibẹ̀ ni irun ń há sí tó fi ń já. Ṣóńṣó orí irun ni kí ẹ sì ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa sún sókè díẹ̀díẹ̀ lọ sí ìdí rẹ̀. Bí mo bá yà á tán, màá fi aṣọ òwú rírọ̀ dì í láti abẹ́ àgbọ̀n dé àtàrí fún ogún ìṣẹ́jú, kó lè jókòó.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mi ò rí nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, òòyà kọjá lẹ́ẹ̀kan láìdúró, mo sì dúró níwájú dígí, mo tún un yà torí pé inú mi dùn. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, ìyàwó mi kò yẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́.

Ó ní àléébù. Bí mo bá bù ú jù, kọ́là ẹ̀wù funfun mi á mu ún, àbàwọ́n yẹn kì í fẹ́ lọ. Lọ́sàn-án tí oòrùn Ìbàdàn bá mú, ó máa ń yọ́ lọ sí ọrùn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, tó máa ń ṣe òróró tẹ́lẹ̀, sú díẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Ìgbà tí mo fi í mọ sí àgbọ̀n nìkan ló lọ. Kò sì ní na irun yín o. Irun tó ká á ṣì ká, yóò kàn rọ̀ ni. Ọ̀rẹ́ mi kan tó fẹ́ kó nà lo rìláásà, ó sì bó o lójú. Kọ́sítíìkì sódà ni agbára òmíràn nínú àwọn rìláásà yẹn, awọ ojú kò sì lè gbà á. Máàkì 8 nínú 10 ni mo fún òrí yìí.

Ti gígẹ̀ kò gùn. Kílípà tó ní ike lẹ́nu ni kí onígẹrun lò, orí irun gbígbẹ tó ti yà sì ni kó ti gẹ̀ ẹ́. Irun wa máa ń gùn nígbà tó bá tutù. Bó bá gbẹ tán, á súnkì, ohun tó kù á kéré ju ohun tí ẹ fẹ́ lọ.

Mi ò tíì fi ọyẹ́ dán an wò, ọyẹ́ sì ń bọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo padà sí Bódìjà lọ ra ike kejì. Ìyá dá mi mọ̀, wọ́n na ọwọ́ kan irùngbọ̀n mi bíi ti ìjọ́sí. "Ó ti mu omi yó," ni wọ́n wí. Wọ́n bu òrí kún ike mi, wọ́n sì fi ènì lé e.