Ìwé gírámà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà ní Yábàá: nítorí participle nìkan, ó tó rà

Ìwé pẹlẹbẹ gírámà Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe WAEC ní Yábàá kò dùn ún wò, bébà rẹ̀ fẹ́lẹ́. Àmọ́ apá tó dá lórí participle (ẹ̀dà ọ̀rọ̀-ìṣe bíi "walking" tàbí "smoked" tó ń ṣàpèjúwe ọ̀rọ̀-orúkọ) tó owó rẹ̀, ó tún lé. Ibẹ̀ gan-an ni máàkì ti ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ nínú comprehension, níbi tí WAEC ti máa ń béèrè orúkọ àpólà àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹni tó bá kọ "adjectival phrase" tí kò dárúkọ ọ̀rọ̀-orúkọ tí àpólà náà ń ṣàpèjúwe, ìdajì ìdáhùn ló kọ.

Ìlànà rẹ̀ ò ta kókó. Ẹ kọ́kọ́ fa ilà sábẹ́ ojúlówó ọ̀rọ̀-ìṣe gbólóhùn náà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ mú participle, kí ẹ béèrè pé: ta ló ń ṣe é, tàbí kí ni wọ́n ṣe é sí? Ẹ wo "The fish smoked in Makoko sells fast." Ọ̀pọ̀ ọmọ á sáré fa ilà sábẹ́ "smoked". "Sells" ni ọ̀rọ̀-ìṣe ibẹ̀. Ẹja ni wọ́n yan, nítorí náà "fish" ni "smoked in Makoko" ń ṣàpèjúwe.

Ibi tí ìwé náà ti dára jù ni "Walking to Ojuelegba, the rain soaked Tunde." Ta ló ń rìn? Bí wọ́n ṣe tò ó yìí, òjò ni, torí pé olùwà tó tẹ̀lé kọ́mà ni àpólà ìbẹ̀rẹ̀ máa ń so mọ́. Wọ́n tún un ṣe lójú ẹsẹ̀: "Walking to Ojuelegba, Tunde was soaked by the rain."

Àléébù rẹ̀ ò kéré o. Wọ́n ní ọ̀rọ̀-orúkọ tó bá sún mọ́ àpólà jù ni kí a máa mú nígbà gbogbo. Irọ́ ni! "The owner of the goat, weeping loudly, ran to Mushin": "goat" ló sún mọ́ ọn jù, ṣùgbọ́n olówó ewúrẹ́ ló ń sunkún. Ìbéèrè "ta ló ń ṣe é?" ló yẹ kó borí. Wọ́n tún fo irú "Frying akara is her work" pátápátá. "Frying akara" kò ṣàpèjúwe nǹkan kan níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni olùwà. Ọmọ tó bá ń wá ohun tó ń ṣàpèjúwe á wá a tì.

Fọ́tòkọ́pì ni púpọ̀ nínú ìwé náà tí wọ́n ń tà, ojú ewé ìdáhùn sì máa ń sọnù níbẹ̀. Ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó.