Justin ń wá tíṣà, èmi ń wá ẹni tó máa ṣí fídíò fún mi

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ níbi tí inú ti bí mi, torí tí kì í bá ṣe ti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni, n ò ní jókòó ti fóònù máa tẹ gbogbo èyí. Ọ̀sẹ̀ kẹrin kọ́ọ̀sì kan tí mò ń ṣe lórí fóònù ni, èyí tó ń sọ bí ọgbọ́n orí àwọn Gíríìkì ṣe pàdé ìgbàgbọ́ àwọn Júù àti Kristẹni, wọ́n ti mú iná lọ, bátìrì mi ku 31%, mo ki íápíìsì bọ etí, ìwé jọ́tà mi wà lórí itan. Tíṣà wa ń sọ ìtàn Justin, ẹni tí wọ́n bí ní nǹkan bí ọdún 100 lẹ́yìn ìbí Kristi ní Flavia Neapolis, tí wọ́n ń pè ní Nablus lónìí, tó ń ti ọ̀dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n kan, àwọn tó ń kọ́ni ní ọgbọ́n orí, bọ́ sọ́dọ̀ òmíràn torí pé ó fẹ́ mọ Ọlọ́run. Ó kọ́kọ́ lọ bá ọ̀kan nínú àwọn Stoiki, ẹgbẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n Gíríìkì kan, ìyẹn ò mọ nǹkan kan nípa Ọlọ́run, ó tiẹ̀ ní kò pọn dandan. Ó bá kọjá sọ́dọ̀ ọmọlẹ́yìn Aristotle, ọ̀jọ̀gbọ́n Gíríìkì àtijọ́, ẹnì kan tó gbà pé kò sẹ́ni tó mú tó òun. Wọ́n jọ wà fún ọjọ́ mélòó kan, tíṣà ní, "ni ọ̀gbẹ́ni yìí bá ní kí Justin jẹ́ káwọn kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ owó..." Fídíò dúró gbagidi. Àpótí funfun kan yọ sójú fóònù: ẹ san ₦12,500 kún un kí ẹ tó lè máa bá ẹ̀kọ́ lọ.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé tíṣà ló dá àpárá yẹn sínú ẹ̀kọ́, pé ó fẹ́ ká mọ bó ṣe dun Justin lára. Mo tiẹ̀ pe ọmọ mi obìnrin láti yàrá pé wá wo bí obìnrin yìí ṣe gbọ́n tó. Ọmọ wò ó, ó wò mí, ó ní, "Mọ́mì, owó ni wọ́n ń bèèrè o."

Mo ti san ₦38,000 fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, rìsíìtì ń bẹ lọ́wọ́ mi.

Mo kọ́kọ́ bá rọ́bọ́ọ̀tì wọn sọ̀rọ̀, ó to nǹkan mẹ́rin sílẹ̀ pé kí n mú ọ̀kan, kò sí tèmi níbẹ̀. Ilẹ̀ mọ́ mo pè wọ́n, ọmọbìnrin kan gbé e, ohùn ẹ̀ dùn bí oyin, ó ní, "Ẹ má bínú mà, pákéèjì kékeré lẹ rà." Mo ní kí ló ń jẹ́ pákéèjì kékeré, ó ní èyí tí kò ní ọ̀sẹ̀ kẹrin dé ìkẹfà nínú. Mo ní níbo lẹ kọ ìyẹn sí? Ó fi fọ́tò ránṣẹ́, lẹ́tà tó wà níbẹ̀ bí ẹsẹ̀ èèrà, mo gbé awò wọ̀ n ò rí i, mo fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù kí n tó rí i. Mo ní ẹ fún mi ní ọ̀gá yín. Ó ní kí n dúró, ó wá fi orin sí i fún mi, ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni mo fi gbọ́ orin yẹn, káàdì tèmi ló ń jó. Nígbà tó padà dé kò sí ọ̀gá kankan, ó wá ní, "Ṣé nǹkan mìíràn tún wà tí mo lè bá yín ṣe mà?" Mo ní èyí àkọ́kọ́ ńkọ́, ta ló ti bá mi ṣe é? Ó ní kí n jọ̀ọ́ fún òun ní máàkì fún bí òun ṣe dá mi lóhùn. Mo pa fóònù.

Ohun tó jẹ́ kó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ ni pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ dára, ó dára débi pé mo ti ń bú ara mi pé kí ló dé tí mi ò tètè mọ̀. Mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní Sọ́ńdè sùkúù láti ọdún 19 wá, ṣe ni mo wọ kọ́ọ̀sì yìí pẹ̀lú ìjà nínú, mo ti fi ìkìlọ̀ Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Kólósè pa mọ́ sápò, èyí tó ní ká má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìmọ̀ ọgbọ́n orí kó wa nígbèkùn. Obìnrin yìí ò bá mi jà. Ó mú wa lọ sí Alẹkisáńdíríà, ìlú tí Alexander dá sílẹ̀ ní Íjíbítì lọ́dún 331 ṣáájú ìbí Kristi, ó fi hàn wá bí àwọn Júù tó wà níbẹ̀ ṣe di ẹni tó ń fi èdè Gíríìkì lá àlá, tí wọ́n fi ní láti tú Òfin Mósè sí Gíríìkì. Ìtàn wọn ní àgbààgbà 72 ló tú u, mẹ́fà láti inú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Ó wá mú wa wo Ẹ́kísódù orí 3 ẹsẹ 14. Ní Hébérù, Ọlọ́run ní èmi ni ẹni tí èmi ń jẹ́. Nígbà tó máa fi dé Gíríìkì ó ti di Èmi ni Ẹni tí ó wà, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà ní tòótọ́, tí kì í yí padà, ohun tí Plato, ọ̀jọ̀gbọ́n Gíríìkì, àtàwọn èèyàn ẹ̀ ń wá kiri nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n tú, ilẹ̀kùn ṣí gbayawu.

Ọ̀sẹ̀ kejì ló wá mì mí. Àwa kàn ń ka "Ní àtètèkọ́ṣe ni Ọ̀rọ̀ wà", a ń kọjá lọ. Lógọ́ọ̀sì ló wà níbẹ̀ ní Gíríìkì, ọ̀rọ̀ ẹnu wà nínú ẹ̀, làákàyè wà nínú ẹ̀, ìṣirò wà nínú ẹ̀, ìdí tí nǹkan fi rí bó ṣe rí náà wà nínú ẹ̀. Heraclitus ará Éfésù ti ń lò ó ní nǹkan bí ọdún 500 ṣáájú Kristi, àwọn Stoiki ní òun ló ń darí ayé. Philo, Júù pọ́ńbélé, ará Alẹkisáńdíríà, ọkùnrin kan náà tó ṣáájú àwọn Júù ìlú ẹ̀ lọ bá Caligula, olú ọba Róòmù, ní Róòmù lẹ́yìn rògbòdìyàn ọdún 38, ó pe Lógọ́ọ̀sì ní àkọ́bí Ọlọ́run, ó ní òun ni Ọlọ́run fi dá ayé. Lójú ọ̀pọ̀ onímọ̀, Philo ti kú kí wọ́n tó kọ Ìhìn Rere Jòhánù. Ara mi ò balẹ̀. Mo kọ ìbéèrè gígùn sí tíṣà lóru, mo ní ṣé ẹ ń sọ pé Jòhánù jí i kọ ni? Ó dá mi lóhùn, òun fúnra ẹ̀ o, kì í ṣe rọ́bọ́ọ̀tì, ó ní rárá mà, odò kan náà làwọn méjèèjì ti pọn omi, ẹ má sì gbàgbé Ọgbọ́n tó ń sọ̀rọ̀ nínú Òwe orí 8, ìyẹn ò ti ọ̀dọ̀ Gíríìkì wá. Ó ní kí n lọ wo ibi tí Philo ò lè bá Jòhánù dé, "Ọ̀rọ̀ náà sì di ara". Ó ní Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ayé àtijọ́, náà sọ ohun tó jọ ọ́, pé òun rí "Ní àtètèkọ́ṣe ni Ọ̀rọ̀ wà" nínú ìwé àwọn ọmọlẹ́yìn Plato, òun ò rí "di ara". N ò sùn bọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ayọ̀ ni.

Ẹ wá rí i, irú tíṣà báyìí ni wọ́n lọ fi sẹ́yìn géètì ₦12,500.

Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀dọ́mọkùnrin kan pè mí láti ọ́fíìsì wọn. Mo ti gbára dì. "Ẹ káàárọ̀ mà, mo rí kọ̀m̀pléèǹtì yín." Mo ní ọmọ mi, o rí i, kí lo fẹ́ fi ṣe? Ó ní kí n sọ ibi tó ti dúró gan-an. Mo sọ fún un, látorí Stoiki dé orí ẹni tó ní kí Justin sanwó, dé orí àpótí funfun. Ó gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ẹ̀, ó ní ẹ forí jì mí mà, ẹ má bínú. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Mà, Justin wáá sanwó àbí kò san?"

Mo ní ibo ni mo ti fẹ́ mọ̀, ṣebí ẹ̀yin lẹ tì í mọ́ mi lójú!

Mo gbọ́ tó ń tẹ kọ̀ǹpútà, pákápáká. Ó ní kí n jáde nínú áàpù kí n padà wọlé. Mo wọlé, gbogbo ẹ̀ ti ṣí, títí dé ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ó ní tí mo bá gbọ́ parí kí n jọ̀ọ́ sọ fún òun.

Mo pè é lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Justin ò san. Justin ní ọ̀gbẹ́ni yẹn kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n rárá, ó bá tiẹ̀ lọ. Ẹnì kẹta, ọmọlẹ́yìn Pythagoras, ní kó lọ kọ́ orin, ìmọ̀ ìràwọ̀ àti jiọ́mẹ́tírì kó tó padà wá, ìyẹn náà ò ṣeé ṣe. Ọ̀dọ̀ ọmọlẹ́yìn Plato ló ti wá rí ohun tó wù ú, títí ó fi pàdé bàbá arúgbó kan nítòsí òkun tó sọ̀rọ̀ àwọn wòlíì fún un. Ó di Kristẹni, síbẹ̀ kò bọ́ aṣọ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́rùn, ó ní ẹni tó bá ti bá Lógọ́ọ̀sì rìn, Kristẹni ni, kódà Socrates àti Heraclitus, àwọn Gíríìkì tó gbé ayé ṣáájú Kristi. Nǹkan bí ọdún 165 ni wọ́n pa á ní Róòmù. Ọmọkùnrin yẹn ní, "Háà, Socrates kẹ̀?" Wákàtí kan ó dín la fi sọ ọ́. Tí n bá sọ èyí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n á gba ìwé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ò dára. Ohùn tíṣà ń dún bíi pé inú kànga ló wà, ìṣẹ́jú 22 péré ni wọ́n sì fi ṣe ti àwọn Júù, Maimonides, rábì tó fi gbogbo agbára ẹ̀ gbé Mósè àti Aristotle pàdé ara wọn, ìṣẹ́jú mẹ́rin! Ṣùgbọ́n mo gbádùn ibi tó ti sọ pé àwọn rábì mú orúkọ Epicurus, ọ̀jọ̀gbọ́n Gíríìkì, wọ́n sọ ọ́ di èébú, pé epikóróòsì ò ní ìpín nínú ayé tó ń bọ̀, ó wà nínú Míṣínà, ìwé òfin àwọn rábì. Kíkọ̀ tí wọ́n ń kọ Gíríìkì, Gíríìkì ti wà lẹ́nu wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Tertullian, òǹkọ̀wé Kristẹni ará Carthage, ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, tó ń pariwo pé kí ló pa Áténì pọ̀ mọ́ Jerúsálẹ́mù, ìyẹn ọgbọ́n Gíríìkì mọ́ ìgbàgbọ́, tó sì tún ń kọ́ni pé ọkàn èèyàn ní ara, ẹ̀kọ́ Stoiki gidi. Ìdánwò ìgbẹ̀yìn wọn ò dáa, wọ́n bi wá bóyá hómóúsíọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ tí ìpàdé Nicaea lò lọ́dún 325 pé ohun kan náà ni Ọmọ àti Baba jẹ́, wà nínú Bíbélì. Mo ní kò sí, wọ́n ní mo ṣì í. Mo kọ̀wé, wọ́n ní "a ti rí i". Àwọn ló mọ ohun tí wọ́n rí. Orúkọ mi lórí sátífíkéètì náà, wọ́n kọ ọ́ sódì.

Tẹ́ ẹ bá bi mí, ẹ má tíì rà á, kí wọ́n kọ́kọ́ kọ iye owó ẹ̀ ní lẹ́tà tí ojú àgbà lè rí.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹ̀yin ilé iṣẹ́, ìràwọ̀ karùn-ún wà lọ́wọ́ mi níbí, ẹ san ₦12,500 kún un kí n tó ṣí i.