Ẹ bi wọ́n bóyá ó máa ń sọ ibi tí iṣẹ́ dé: MySQL, MariaDB àti PostgreSQL

Ẹni méjì ló bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé dátábéèsì wo (ibi tí sọ́fítíwíà ń kó dátà rẹ̀ sí, irú MySQL, MariaDB àti PostgreSQL) ni kí àwọn gbé sábẹ́ sọ́fítíwíà tí àwọn fẹ́ fi máa kọ àkọsílẹ̀ àjọ àti ti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ọ̀kan wà ní Ọjà Ọba, ìkejì wà lápá Òkè-Fíà, àwọn méjèèjì ló sì ti ka gbogbo ohun tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa èyí tó yára jù àti èyí tó lè gbé dátà jù. Mi ò ní tún ìyẹn sọ. Fún ìwọ̀n iṣẹ́ tí à ń ṣe ní Òṣogbo níbí, gbogbo wọn ló yára, gbogbo wọn ló máa gbé e. Ohun tí wọn ò bi mí, òun ló sì ti ná mi lówó jù: tí iṣẹ́ ńlá bá wọnú dátábéèsì yẹn lálẹ́ ọjọ́ kan, irú èyí tó máa gba wákàtí mẹ́ta mẹ́rin, ṣé ó máa sọ fún ẹ ibi tó dé, àbí ńṣe ló máa dákẹ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́ bí ẹni tó jẹ gbèsè?

Ọdún mẹ́jọ ni mo fi lo MySQL. Àwọn alájọ ojoojúmọ́ tó lé ní ogójì ló wà lórí sọ́fítíwíà mi nígbà yẹn, ẹ ṣírò rẹ̀ wò, alájọ kan lè ní oníbàárà ọ̀ọ́dúnrún, oníkálukú ń dá tiẹ̀ lójúmọ́, ká tó wí ká tó fọ̀ tábìlì tí mò ń kọ owó sí ti ní ìlà mílíọ̀nù 31. Kọ́bọ̀ ni mo fi ń kọ owó, INT, irú nọ́ńbà kan tó ní òpin, ni mo sì fi ṣe kọ́lọ́ọ̀mù rẹ̀. Ẹni tó bá mọ INT ti mọ ibi tí mò ń lọ. 2,147,483,647 ni òpin rẹ̀, ìyẹn tí ẹ bá yí i sí náírà ₦21,474,836.47. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ta ló ronú pé àpapọ̀ owó ọwọ́ alájọ kan á kọjá mílíọ̀nù 21? Náírà wá di ohun tó dà. Ìyá Alájọ kan pè mí lọ́jọ́ Jímọ̀ pé kọ̀ǹpútà ò gba owó mọ́, mo lọ wò ó, "Out of range value" ló ń kọ, ìyẹn ni pé nọ́ńbà ti kọjá òpin.

BIGINT, èyí tí òpin rẹ̀ ga ju ti INT lọ fíìfíì, ni mo ní láti yí i sí. Lórí MySQL 5.7 tí mò ń lò, tí ẹ bá ní kó yí irú kọ́lọ́ọ̀mù kan padà, ńṣe ló máa da gbogbo tábìlì yẹn kọ sínú tuntun, láti ìlà àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn, kọ̀ǹpútà tèmi sì jẹ́ àgbà, háàdì díìsìkì rẹ̀ ṣì jẹ́ èyí tó ń yí bíríbírí. Mo dúró di alẹ́ Sátidé. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo tẹ ALTER TABLE, àṣẹ tó ń yí tábìlì padà. Kò pé wákàtí kan iná lọ, ínfátà gbé e fún ìgbà díẹ̀, mo tan jẹ́n. Mo ṣí SHOW PROCESSLIST tó ń fi àwọn iṣẹ́ tó ń lọ hàn, ó kọ "copy to tmp table", ìyẹn ni pé ó ń da á kọ sínú tábìlì onígbà díẹ̀. Mo lọ mu omi, mo padà wá ṣí i, "copy to tmp table". Ohun kan ṣoṣo tó ń yí níbẹ̀ ni iye ìṣẹ́jú àáyá tó ti lò. Ó ń ka èyí tó ti jẹ nínú àkókò mi fún mi, kò ka èyí tó kù. Aago kan òru, Ìyá Alájọ pè (alájọ kì í sùn tí owó bá há), ó ní "Ìnjíníà, ṣé ó ti ń parí?" Mo ní "Ó kù díẹ̀, Mà." Irọ́ ni. Mi ò mọ̀ bóyá ó kù díẹ̀ tàbí ó ku ọ̀pọ̀.

Nígbà tó di aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú, jẹ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Kò sí epo nínú kẹ́ẹ̀gì, kò sí ilé epo tó ṣí, mo sì ti dá ara mi lójú pé iṣẹ́ yìí ti há, pé kí iná tó kú lé e lórí kó ba tábìlì jẹ́ ó sàn kí n fọwọ́ ara mi dá a dúró. Mo KILL ẹ̀. Wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó lọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kejì mo ra epo, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo, kọ̀ǹpútà kan náà, tábìlì kan náà, wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 32 ló fi parí ẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ara wọn. Ìṣẹ́jú 22 ló kù nígbà tí mo pa á. Lítà epo kan ì bá tó.

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé MySQL yẹn mọ ibi tó dé. Láti 5.7 ló ti ní i, nínú performance_schema, ibi tí MySQL ń kọ ìṣe ara rẹ̀ sí, tábìlì kan wà tó ń jẹ́ events_stages_current, WORK_COMPLETED ni iye iṣẹ́ tó ti ṣe, WORK_ESTIMATED ni iye tó rò pé gbogbo ẹ̀ máa jẹ́, ẹ fi ọ̀kan pín ìkejì, ó tán. Àmọ́ wọ́n pa á láti ilé. Ẹ gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara yín tan àwọn events_stages yẹn nínú tábìlì sẹ́tíìnì tó ń jẹ́ setup_consumers kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó bá rántí tàn án nígbà tí iṣẹ́ ti wà lágbedeméjì ti pẹ́. Bí ìgbà tí wọ́n bá ta ọkọ̀ fún ẹ tí wọ́n yọ aago epo rẹ̀ jù sínú bùútù ni. Ní MySQL 8.0 náà, pípa ni wọ́n ṣì pa á. Kódà ká tiẹ̀ ní mi ò tàn án, tí mo bá mọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò bá ti wọ inú fódà dátà, kí n ṣe ls -lh, kí n wo fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú #sql bó ṣe ń sanra, kí n fi wé fáìlì àtijọ́. Ọgbọ́n ẹ̀yìn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wà lórí MySQL tí ẹ ò lè kúrò, ẹ má lo 5.7 mọ́, oṣù kẹwàá 2023 ni wọ́n ti dẹ́kun àtúnṣe rẹ̀. Kí ẹ sì wá gh-ost, ọ̀fẹ́ ni, GitHub ló gbé e jáde ní 2016, díẹ̀díẹ̀ ló máa ń da tábìlì kọ, ó ń sọ iye ìlà tó ti kọ nínú iye tó wà, ó ń sọ àkókò tó rò pé ó kù, ẹ sì lè ní kó dúró ná kó tún máa lọ. pt-online-schema-change ti Percona náà ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, àmọ́ tírígà (àṣẹ tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ tí ìlà bá yí padà) lòun ń lò. Tó bá jẹ́ bákọ́ọ̀pù lẹ ń dá padà, ẹ fi pv, irinṣẹ́ kékeré tó ń ka iye dátà tó ti kọjá, ti fáìlì yẹn wọlé, ẹ máa rí ibi tó dé. Gbogbo ìwọ̀nyí dáa, ṣùgbọ́n ṣé ẹ rí i pé láti ìta la ti ń wá gbogbo wọn?

MariaDB, ọmọ iṣẹ́ mi tó ti gba fíríídọ̀mù ló ń lò ó, ó ní ṣọ́ọ̀bù sí Ayétòrò. Ìyá kan náà ló bí òun àti MySQL, Michael Widenius tó bẹ̀rẹ̀ MySQL ló yà á sọ́tọ̀ ní 2009, orúkọ àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ló fún àwọn méjèèjì, My àti Maria. Mo jókòó tì í lọ́jọ́ kan tó ń ṣe ALTER TABLE, inú fẹ́rẹ̀ẹ́ bí mi. Kò tan nǹkan kan, kò ṣe sẹ́tíìnì kankan, ó kàn tẹ àṣẹ, lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ìlà kan jáde fúnra ẹ̀ nísàlẹ̀, "Stage: 1 of 2 'Copy to tmp table'", pásẹ́ǹtì tẹ̀lé e, pásẹ́ǹtì yẹn sì ń gòkè lójú wa. Nínú SHOW PROCESSLIST pàápàá, kọ́lọ́ọ̀mù Progress wà níbẹ̀. Mo ní "Ó ti pẹ́ tí eléyìí ti wà níbẹ̀?" Ó ní "Ọ̀gá, láti 5.3 ni o." Ẹ kàn ṣọ́ra, pásẹ́ǹtì ìpele tí iṣẹ́ wà ni ìlà ìsàlẹ̀ yẹn ń sọ, kì í ṣe ti gbogbo iṣẹ́, ó lè dé 99 kó tún bẹ̀rẹ̀ ìpele kejì. Àwọn ALTER tí InnoDB, ẹ̀rọ inú tó ń tọ́jú tábìlì, ń ṣe láìda tábìlì kọ, ibòmíràn lẹ ti máa wo tìyẹn, àwọn tó ṣe é fúnra wọn sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó lè má péye.

PostgreSQL lèmi wà báyìí, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo fi pamọ́. Àwọn ohun tó ń fi hàn wá díẹ̀díẹ̀: VACUUM (gbígbá pàǹtí inú tábìlì) ní ẹ̀dà 9.6 lọ́dún 2016, CREATE INDEX (kíkọ́ índẹ́ẹ̀sì, atọ́ka tó ń jẹ́ kí wíwá nǹkan yára) ní 12, ANALYZE (ṣíṣe ìṣirò ohun tó wà nínú tábìlì) àti bákọ́ọ̀pù ní 13, COPY (kíkó dátà wọlé tàbí jáde) ní 14. pg_stat_progress ni orúkọ gbogbo wọn fi bẹ̀rẹ̀, kò sí èyí tí ẹ máa tàn, iṣẹ́ tó ti wà lágbedeméjì pàápàá ẹ lè ṣí i kí ẹ wò ó. Mo máa ń fi \watch 5 sí ìdí rẹ̀ nínú psql, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún PostgreSQL, ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún márùn-ún ló ń sọ ọ́ dọ̀tun, mo á máa jẹ ẹ̀pà.

Kì í ṣe nọ́ńbà yẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ ṣá. Lọ́dún tó kọjá mo ń kọ́ índẹ́ẹ̀sì kan pẹ̀lú CONCURRENTLY lọ́sàn-án gangan, kí àwọn alájọ lè máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò kúrò lójú kan. Tó bá jẹ́ ayé ijọ́sí mi ò bá ti pa á. Mo ṣí pg_stat_progress_create_index, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé "waiting for writers before build", ìyẹn ni pé ó ń dúró de àwọn tó ń kọ nǹkan lọ́wọ́, ó ní ẹnì kan ló kù tí òun ń dúró dè, ó sì fún mi ní nọ́ńbà ẹni náà, current_locker_pid. Mo wá nọ́ńbà yẹn lọ, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ni, ó ti tẹ BEGIN tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ látàárọ̀, ó tún ìlà kan ṣe, kò tẹ COMMIT tó ń parí rẹ̀, ó gba Ọláìyá lọ jẹ àmàlà. Mo gé ìsopọ̀ tiẹ̀ kúrò, índẹ́ẹ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lójú ẹsẹ̀. MySQL tí mo lò fọ́dún mẹ́jọ ò fìgbà kan dárúkọ ẹni tó dí i lọ́nà fún mi láìjẹ́ pé mo lọ tú gbogbo ilé wò. Kí ẹ tún mọ̀ pé tí ẹ bá dá irú índẹ́ẹ̀sì yìí dúró lágbedeméjì, òkú rẹ̀ máa kù síbẹ̀, INVALID ni wọ́n ń pè é, ó yẹ kí ẹ fi DROP pa á rẹ́. VACUUM lásán lẹ lè dá dúró láìbẹ̀rù, èyí tó ti gbá kì í padà dọ̀tí.

Àbùkù rẹ̀ náà rèé o. Ní ti VACUUM, ẹ lè rí i pé ó ti ka gbogbo tábìlì tán kó sì tún lo wákàtí kan lórí àwọn índẹ́ẹ̀sì, PostgreSQL 17 tó jáde ní 2024 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka iye índẹ́ẹ̀sì tó ti ṣe nínú iye tó wà. Èkejì burú ju ìyẹn lọ. ALTER TABLE tó ń da tábìlì kọ, irú èyí tó jẹ epo mi lálẹ́ Sátidé yẹn gẹ́lẹ́, PostgreSQL ò ní ojú tí ẹ fi máa wò ó. Ó ń dùn mí láti sọ ọ́, MariaDB na tèmi níbẹ̀. Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo fi kọ́lọ́ọ̀mù tuntun kún un, mo ń kó owó lọ síbẹ̀ ní ìlà ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá mẹ́wàá, mo ń ka á fúnra mi. Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n iná lè lọ ìgbà mẹ́ta, ibi tí mo bá a dé ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

SQL Server ti Microsoft, ó ní percent_complete nínú sys.dm_exec_requests, ó tún ń ṣírò àkókò tó kù, fún bákọ́ọ̀pù àti dídá a padà ó dáa gan-an, àmọ́ fún kíkọ́ índẹ́ẹ̀sì látìbẹ̀rẹ̀, orí òdo ló máa dúró sí. Dọ́là ni owó rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń tọ́rẹ sì ní òpin, 10 GB fún dátábéèsì kan títí dé ti 2022. Oracle, dátábéèsì olówó ńlá, ní V$SESSION_LONGOPS fún ohun tó bá ti kọjá ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà, ẹni tó bá lówó Oracle kò ní máa bi èmi léèrè ọ̀rọ̀.

Ìyókù kíákíá. Owó: àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ yìí, ọ̀fẹ́ ni. Àyè lórí sáfà àjọlò olówó pọ́ọ́kú: MySQL tàbí MariaDB lẹ máa bá níbẹ̀ jù. Ẹni tó máa ràn yín lọ́wọ́ ládùúgbò: MySQL ni, gbogbo ọmọ tó bá ti kọ́ PHP ló mọ̀ ọ́n.

Mi ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Tí sọ́fítíwíà yín bá ti wà lórí MySQL, ẹ kó lọ sí MariaDB, àmọ́ ẹ dán an wò lórí ẹ̀dà kan ná. Tó bá jẹ́ pé ẹ ò tíì kọ ìlà kan, tí ẹ ò sì fẹ́ máa fi òru wòye, èmi ti sọ ibi tí mo wà.

Ìyá Alájọ ṣì ń pè. Oṣù tó kọjá ni, índẹ́ẹ̀sì ni mò ń kọ́, ó ní ṣé ó ti ń parí, mo wo ojú kọ̀ǹpútà, mo fi ìgbéraga sọ pé "Mà, ó ti ka búlọ́ọ̀kù 412,000 nínú 530,000." Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní "Ìnjíníà, mi ò bi ọ́ léyìí. Aago mélòó?"