Kíráńkì tó há, tí tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sì ti bó: irinṣẹ́ wo ló yẹ kí ẹ rà?

Ẹni tí ó bá fẹ́ yọ kíráńkì kẹ̀kẹ́ ológeere, ìyẹn apá irin tí pẹ́dà wà lórí rẹ̀, tí ó wá rí i pé tírẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀, ìyẹn àwọn eyín tí a fi ń yí irinṣẹ́ wọlé, ti bó, irinṣẹ́ mẹ́ta ni ó lè náwó lé lórí: púlà kíráńkì gan-an, púlà ẹlẹ́sẹ̀ tí àwọn mẹkáníìkì fi ń fa bíárì, tàbí táàpù tí a fi ń gé tírẹ́ẹ̀dì tuntun. Kíráńkì alumíníọ́mù tí ihò àárín rẹ̀ ní igun mẹ́rin, irú èyí tí ó wọ́pọ̀ lára kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀, ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín. Àwọn kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tí wọ́n fi pínnì gbá kíráńkì wọn mọ́ ṣáàfù, ìyẹn ọ̀pá irin tí kíráńkì ń wọ̀ sí lórí, kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Púlà kíráńkì ni ó kéré jù, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń rà. Ara rẹ̀ ń wọ inú tírẹ́ẹ̀dì kíráńkì, ọ̀pá àárín rẹ̀ sì ń ti ṣáàfù, nítorí náà tírẹ́ẹ̀dì yẹn nìkan ni gbogbo agbára náà ń sinmi lé. Park Tool, ilé iṣẹ́ tí ó ń ṣe irinṣẹ́ kẹ̀kẹ́, ń ta púlà CCP-22 fún ṣáàfù onígun mẹ́rin. CWP-7 tiwọn lè ṣe iṣẹ́ kan náà, ó sì tún wúlò fún ṣáàfù eléyín bíi Octalink àti ISIS. Ṣùgbọ́n tírẹ́ẹ̀dì kan náà ni àwọn méjèèjì ń wọ̀, mìlímítà 22, tí àlàfo eyín rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1. Bí ti inú kíráńkì bá ti bó tán, CWP-7 kò ní rí ibi dì mú ju CCP-22 lọ, owó tí ẹ fi kún un kò sì ní ra nǹkan kan. Bóòtù tí ó ń yọ kíráńkì fúnra rẹ̀ kò yàtọ̀, nítorí pé tírẹ́ẹ̀dì yìí kan náà ni òrùka rẹ̀ ń dì mú.

Síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò náà. Nígbà púpọ̀, eyín méjì tàbí mẹ́ta tí ó wà lẹ́nu ìta nìkan ni ó bó, nítorí pé ẹni tí ó lo púlà tẹ́lẹ̀ kò yí i wọlé dé ìdí, tàbí pé ó gbàgbé wáṣà sínú. Bí ẹ bá yọ wáṣà náà, tí ẹ sì rí eyín tí kò já ní ìsàlẹ̀, púlà kíráńkì ṣì lè ṣe é, bí ẹ bá fi ọwọ́ yí i títí tí kò fi lè lọ mọ́ kí ẹ tó gbé sípánà. Ẹ fi kálípà wọn ihò náà pẹ̀lú, nítorí pé kíráńkì àtijọ́ ti TA, ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Faransé, jẹ́ mìlímítà 23, ti Stronglight àtijọ́ sì jẹ́ 23.35. Púlà 22 yóò máa mì nínú wọn bí ẹni pé tírẹ́ẹ̀dì ti bó, nígbà tí ó jẹ́ pé kò sí ohun tí ó ṣe é.

Púlà ẹlẹ́sẹ̀ ni èmi yóò rà, nítorí pé kò bá tírẹ́ẹ̀dì dá nǹkan kan pọ̀: ẹ̀yìn kíráńkì ni ó ń fi ẹsẹ̀ há, tí yóò sì máa ti ṣáàfù láti iwájú. Ohun tí ó ń ba ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ni ẹsẹ̀ tí ó nípọn jù. Àlàfo tí ó wà láàrin kíráńkì àti ara kẹ̀kẹ́ kéré, nítorí náà ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó lọ sí ọjà, kí ẹ sì mú ìwọ̀n náà dání. Ẹ wá èyí tí a lè yí láti ẹsẹ̀ méjì sí mẹ́ta: méjì fún ọwọ́ òsì, mẹ́ta fún ọwọ́ ọ̀tún bí àyè bá gbà á, níbi tí ẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ fa irin eléyín tí ṣéènì ń gbà kọjá, nítorí pé yóò wọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ dá bóòtù kíráńkì padà láìsí wáṣà, ẹ ṣẹ́ ìyípo díẹ̀ kù, kí púlà máa ti orí bóòtù náà dípò tírẹ́ẹ̀dì inú ṣáàfù. Ẹ fún un títí yóò fi le dáadáa, kí ẹ wá da omi gbígbóná sí kíráńkì náà. Ooru kan náà ń mú alumíníọ́mù fẹ̀ tó ìlọ́po méjì irin. Ẹ óò gbọ́ “pá!”, kíráńkì yóò sì sún síwájú títí yóò fi kan orí bóòtù.

Táàpù ní tirẹ̀ ń gé tírẹ́ẹ̀dì tí ó tóbi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ẹ óò tún ra púlà tí ó bá ìwọ̀n tuntun mu. Kẹ̀kẹ́ ni kíráńkì ṣì wà lára rẹ̀, nítorí náà tọ́nà kò lè gbé e sórí ẹ̀rọ. Ọwọ́ ni ẹ óò fi darí táàpù náà, bí ó bá sì wọ́ díẹ̀, ó parí. Ṣọ́ọ̀bù tàbí ẹni tí kíráńkì rẹ̀ ṣọ̀wọ́n ni mo lè gbà á níyànjú fún.

Àwọn kan máa ń tú bóòtù díẹ̀, wọn a sì máa gun kẹ̀kẹ́ náà títí kíráńkì yóò fi tú. Ó ń ṣiṣẹ́, kò sì náni ní kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ihò onígun mẹ́rin náà yóò fẹ̀, kíráńkì náà kò sì ní ṣeé lò mọ́. Bí ẹ bá ti pinnu láti jù ú nù, tí owó rẹ̀ kò sì tó ti púlà, ayùn irin tó: ẹ gé e láti ẹ̀gbẹ́ títí yóò fi kù díẹ̀ kó kan ṣáàfù, kí ẹ sì fi ṣísẹ́ẹ̀lì ya á.