Bébà àbí kádíbọ́ọ̀dù: èwo la fi ń kọ́ àwòṣe ilé?

Bébà fọ́tòkọ́pì tó pọ̀ jù l'Óṣogbo jẹ́ giramu 80 fún mítà kan níbùú lóròó; kádíbọ́ọ̀dù tó dáa fún àwòṣe, ìyẹn ilé kékeré tó ń ṣàpẹẹrẹ ilé gidi, máa ń tó 200. Èmi ò lè fi bébà mọ ògiri láé. Bí gọ́ọ̀mù funfun bá ti kàn án, omi inú rẹ̀ á mú un kákò. Kádíbọ́ọ̀dù ní tiẹ̀ á dúró gbagidi. Bí sẹ̀ǹtímítà kan bá dúró fún mítà kan, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì á nàró láìsí igi lẹ́yìn. Àmọ́ ẹ má kàn ṣẹ́ ẹ po o! Ẹ kọ́kọ́ fi rúlà àti ẹ̀yìn ọ̀bẹ fa ìlà sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ etí rẹ̀ á ya jákujàku.

Ibi tó bá tẹ̀ tàbí tó rí roboto ni bébà ti ń borí. Ẹ wo Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé lọ́dún 2005: iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì tí àwọn oníṣẹ́ ọnà Susanne Wenger, Adébísí Àkànjí àtàwọn ẹgbẹ́ wọn mọ síbẹ̀ kì í tọ́ gbọnrangandan. Kádíbọ́ọ̀dù á kán bí a bá fi ṣe àwòṣe irú rẹ̀. Bébà tí a ya wẹ́wẹ́, tí a lẹ̀ léra wọn lórí egungun kádíbọ́ọ̀dù, ló lè gba irú ìrísí yẹn.