Ìwé òfin Amẹ́ríkà tó ń wọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì, mo fún un ní 3 nínú 5

Iyàn ló jẹ́ kí n ra ìwé òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà (Constitution) yìí o. Èmi àti ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi la jọ jà á, díákónì ni wọ́n ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, wọ́n ní kò síbi tí òfin Amẹ́ríkà ti sọ pé kí ṣọ́ọ̀ṣì dá dúró kí ìjọba náà dá dúró, èmi ní ó wà níbẹ̀, mo tiẹ̀ fọwọ́ sọ̀yà pé màá fi ojú ewé ẹ̀ hàn wọ́n. Ni mo bá ra èyí tó kéré jù, dọ́là mẹ́ta àti díẹ̀, ọjọ́ kejì ló ti dé.

Ìwé gan-an ò burú. Òwú ni wọ́n fi gán an, tẹ́ ẹ bá ṣí i gbayawu kò ní já. Àmọ́ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ kéré bí ẹsẹ̀ èèrà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń lo awò ojú, ẹ má dán an wò lálẹ́. Ẹ̀yìn ìwé tí wọ́n to ọ̀rọ̀ sí ni mo kọ́kọ́ lọ, mo wá "separation", kò sí, mo wá "church", kò sí. Àyà mi já.

Mo wá jókòó ka gbogbo ẹ̀. Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ, gbólóhùn yẹn ò sí níbẹ̀. Ọlọ́run gan-an ò sí nínú ẹ̀, àyàfi ibi tí wọ́n kọ déètì sí ní 1787 pé ọdún Olúwa wa. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ 16 péré lédè Gẹ̀ẹ́sì, ìbẹ̀rẹ̀ Àtúnṣe Kìíní (First Amendment, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kún òfin náà) ti 1791: Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ilé aṣòfin àpapọ̀, ò gbọdọ̀ ṣòfin tó máa gbé ẹ̀sìn kalẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ṣe èyí tó máa dí èèyàn lọ́wọ́ ẹ̀sìn ẹ̀. Èyí tó tún dùn mọ́ mi ju ìyẹn lọ wà ní Abala Kẹfà, pé wọn ò gbọdọ̀ bi ẹnikẹ́ni ní ẹ̀sìn tó ń ṣe kó tó dépò ìjọba, mi ò gbọ́ ọ rí láyé mi.

Ibi tó ti já mi kulẹ̀ rèé. Wọn ò ṣàlàyé kankan sábẹ́ ẹ̀. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì nìkan ni wọ́n dárúkọ, ìdí nìyẹn tí ìpínlẹ̀ Massachusetts fi ń gbowó lọ́wọ́ aráàlú fún ṣọ́ọ̀ṣì títí di 1833 láìrú òfin yìí, ó di ìgbà tí Àtúnṣe Kẹrìnlá dé ní 1868, tí kóòtù tó ga jù sì wá lò ó ní 1940 àti 1947, kó tó di pé ó de àwọn ìpínlẹ̀ náà. Ẹni tó bá ka ìwé yìí nìkan ò lè mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àdúrà ilé ìwé ìjọba, ẹ̀gbọ́n ní kóòtù fòfin dè é ní 1962, irọ́ ni jàre, àdúrà tí ìjọba New York fúnra wọn kọ, ọ̀rọ̀ 22, ni kóòtù kọ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ gbàdúrà kó tó ṣe ìdánwò, ta ló dá a dúró?

Wọ́n kó Ìkéde Òmìnira ti 1776 mọ́ ọn, ó dáa, àmọ́ ṣé ojú ewé kan ṣoṣo fún létà Thomas Jefferson, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà yẹn, máa pa wọ́n lára ni? January 1, 1802 ló kọ ọ́, ibẹ̀ ló ti dárúkọ ògiri tó wà láàárín ṣọ́ọ̀ṣì àti ìjọba. Èmi fúnra mi ni mo tẹ̀ ẹ́ jáde tí mo gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n. Ẹ gbọ́ ẹni tó kọ ọ́ sí: àwọn Onítẹ̀bọmi Danbury ní Connecticut, torí ṣọ́ọ̀ṣì míì nìjọba ibẹ̀ ń tì lẹ́yìn nígbà yẹn, ìyà ẹ̀ sì ń jẹ wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, "Ṣebí mo ní kò sí nínú òfin?" Ni wọ́n bá ki ìwé mi bọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì wọn, mi ò sì tíì rí i gbà títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Òmíì ni mo fẹ́ rà báyìí, èyí tí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ tóbi.