Kéèkì Òwú fún Adìyẹ: Èwo Ni Kí Ẹ Rà Nínú Mẹ́ta?

Kéèkì òwú, ìyẹn ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá fún òróró hóró òwú, máa ń ní purotéènì tó ìdá 41 nínú 100. Gọ́sípọ́ọ̀lù ni kì í jẹ́ kí ọlọ́sìn adìyẹ fọkàn balẹ̀ rà á. Májèlé tí igi òwú fi ń gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ kòkòrò ni. Màlúù tó ti dàgbà máa ń fara dà á ju adìyẹ lọ dáadáa.

Òwú tí gbogbo ayé mọ̀. Òun ló pọ̀ jù lọ́jà. Adìyẹ ẹlẹ́ran lè jẹ ẹ́ níwọ̀nba bí ẹ bá fi ferrous sulphate (èròjà kan tó ní irin nínú) sí oúnjẹ náà: ìwọ̀n irin kan sí ìwọ̀n gọ́sípọ́ọ̀lù kan tí kò tíì so mọ́ nǹkan. Fún adìyẹ tó ń yé ẹyin, irin náà á di mẹ́rin sí ẹyọ kan. Síbẹ̀, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Gọ́sípọ́ọ̀lù máa ń dì mọ́ irin tó wà nínú pupa ẹyin, pupa náà á sì ṣú bí ewé gbígbẹ. Ta ló máa fọ́ irú ẹyin bẹ́ẹ̀ tí á tún padà wá rà? Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi ooru fún ni, májèlé rẹ̀ ti dín kù, àmọ́ láísìnì rẹ̀ (ọ̀kan lára àwọn èròjà tó para pọ̀ di purotéènì) náà ti bàjẹ́, ẹ ó ra láísìnì kún un.

Òwú tí kò ní tóótòòtó dúdú. Láti àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti ń sin ín. Ẹ la hóró rẹ̀ sí méjì, ẹ ò ní rí àmì dúdú tí májèlé máa ń wà nínú rẹ̀. Ó dára fún adìyẹ. Àmọ́ ewé rẹ̀ náà ò ní ààbò, kòkòrò á jẹ ẹ́ run lóko, ìdí nìyẹn tó fi ṣọ̀wọ́n.

Òwú Texas A&M. Ní yunifásítì yìí ní Amẹ́ríkà, Keerti Rathore àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yí àbùdá òwú padà kí gọ́sípọ́ọ̀lù lè dín kù gan-an nínú hóró nìkan. Ewé ṣì ní tirẹ̀. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí gbígbìn ín ní 2018, ó sì fọwọ́ sí jíjẹ ẹ́ ní 2019. Òun ló wù mí jù fún ẹlẹ́yin, bí òfin ìlú yín bá gba irúgbìn tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rá kan wà nínú òróró òwú, tó lè sọ funfun ẹyin di pupa rẹ́súrẹ́sú bó bá pẹ́ nílẹ̀. Yíyọ gọ́sípọ́ọ̀lù ò yọ ìyẹn. Kéèkì tí wọ́n fún òróró rẹ̀ gbẹ ni kí ẹ mú.

Ẹ bèèrè ìwé àyẹ̀wò gọ́sípọ́ọ̀lù. Ní Yúróòpù, 20 mílígíráàmù nínú kílò kan oúnjẹ ni òpin fún ẹlẹ́yin, 100 fún adìyẹ yòókù. Bí kò bá sí ìwé, iye kéèkì òwú tí gbogbo ayé mọ̀ ni kí ẹ san.